Táwẹ̀lì Ẹ̀yìn Àwọ̀n

Ẹ̀yin! Ìyá Táyọ̀, ẹ̀yin fúnra yín! Ká ní àwọn ọmọ Bọ́ládé ló yọ́ wá jí i ni, mi ò bá má sọ̀rọ̀, torí gbogbo ìgbà tí a bá ti jọ gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń rán èèyàn gba ẹ̀yìn góòlù wa pé kó lọ já táwẹ̀lì yẹn, mo sì ti fi géńdé méjì ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin! Ẹ wọ bùbá, ẹ wé gèlè, ẹ rọra ń bọ̀ létí pápá ní ọ̀sán Sọ́ńdè níwájú gbogbo Ìsọlọ̀, a wà nínú fáínà, a ti gbá góòlù kan wọlé, wọn ò tíì ní nǹkan kan, háàfù kejì ti ń lọ sópin, ẹ kọjá sẹ́yìn àwọ̀n Ashraf, ẹ tú táwẹ̀lì náà, ẹ ká a, ẹ fi há abíyá, ẹ sì ń lọ bí ẹni tó wá ká aṣọ lórí okùn kí òjò tó dé. Ta ni ì bá dá yín dúró? Géńdé méjì tí mo ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, dídọ̀bálẹ̀ ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí yín!

Mi ò jókòó, ẹ ṣeun. Omi náà, ẹ jẹ́ kó wà ńbẹ̀. Bí mo bá jókòó, ohun tó gbé mi wá á tutù nínú mi, mi ò sì fẹ́ kó tutù. Ẹ máa ran kọ́tíìnì yín lọ, ẹ sáà máa gbọ́ mi.

Mi ò torí ife wá o! Kí ni ife? Páànù tí wọ́n kùn ní ọ̀dà wúrà. Ẹ mọ̀ mí. Èmi Fákúnlé tí mo ti ń kó àwọn ọmọ àdúgbò yìí jọ kọ́ ní bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí Táyọ̀ ò tíì mọ okùn búútù so, ṣé ẹ ti rí mi kí n sunkún ife rí? Ọdún mélòó ni wọ́n fi nà wá bí ẹni na bàrà? Wọn kì í pe orúkọ ẹgbẹ́ wa mọ́ nígbà yẹn, "Ẹ Wá Gbà Á" ni wọ́n ń pè wá, pé ẹni tó bá ń wá góòlù kó wá gbà á lọ́dọ̀ wa. Ṣé kò dùn mí? Ó dùn mí, irọ́ ò dáa, ṣùgbọ́n láàárọ̀ Mọ́ńdè, èmi náà ni mo máa kọ́kọ́ dé pápá. Ohun tí mo sì ń sọ fún àwọn ọmọ yẹn ò yí padà rí: kò sí ìtìjú nínú kí wọ́n na èèyàn, ìtìjú ni kí wọ́n fi ẹgba àná na èèyàn lónìí. Bí wọ́n bá nà wá, àwa la máa gbá pápá. Bí a bá nà wọ́n, àwa náà la máa gbá pápá. Ẹ bi Zakariyah tó ń gbá iwájú fún wa, ọjọ́ tó dá góòlù mẹ́ta gbá wọlé, ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ń kùn, mo ní kó máa kùn, kó sáà gbá a mọ́.

Torí náà, kì í ṣe ife. Ọ̀rọ̀ Ashraf ló ń jẹ mí lọ́kàn, ọmọ tó di kíípà wa lẹ́yìn Táyọ̀ yín. Ẹ ti ń lọ nígbà yẹn, ẹ ò rí i, ẹ ò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ náà yíjú sẹ́yìn kó wo táwẹ̀lì bó ṣe máa ń wò ó tí wọ́n bá fẹ́ gbá kọ́nà, àwọ̀n lásán ló rí, àti ẹ̀yìn gèlè yín tó ń lọ. Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ń nù ún mọ́ ṣòkòtò bí ẹni tó gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi í ṣe! Ọmọ tó ń mú bọ́ọ̀lù bí ẹni mú adìẹ tó ti rẹ̀! Kọ́nà dé, ó fò, bọ́ọ̀lù yọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ bí ọṣẹ, wọ́n tì í wọlé. Kò pẹ́, èkejì gba àárín ẹsẹ̀ ẹ̀ wọlé. Àwọn èrò wá bú sí ariwo, kì í ṣe ariwo góòlù o, Ìyá Táyọ̀! "Agbára ti lọ! Agbára ti lọ!" ni wọ́n ń ké. Súbérù, kóòṣì àwọn ará Bọ́ládé, ó já wọ àárín pápá, ó ń nàka sí mi lójú gbogbo ayé, ó ní ẹ wò ó, ẹ wò ó, ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀! Rẹfirí ò tíì fọn fèrè ìparí o!

Láti Sọ́ńdè, Ashraf ò jáde. Lateefah ìyá ẹ̀ ní kò jẹun, ó ju ìbọ̀wọ́ sórí àjà. Mo lọ bá a. Mo ní, "Ashraf, wọ́n nà wá, wọ́n ti ń nà wá tipẹ́, dìde." Ọmọ yẹn wò mí, ó ní, "Kóòṣì, kì í ṣe èmi ni mo ń mú bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀."

Ẹ gbọ́ nǹkan tọ́mọ èèyàn sọ! Gbogbo ìdìde ìdájí yẹn, gbogbo ìṣubú lórí ilẹ̀ líle yẹn, ìgbọ̀nwọ́ tó bó, tó san, tó tún bó, bọ́ọ̀lù tí mo ń rẹ sínú omi kó lè mọ̀ bó ṣe ń yọ̀, gbogbo ẹ̀ pátá, òun fúnra ẹ̀ ti kó o fún aṣọ tí wọ́n fi ń nujú! Ó ní òun ò ṣe kíípà mọ́ láyé òun. Ta ló gba iṣẹ́ ọmọ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀? Súbérù kọ́ o. Ẹ̀yin ni!

Ẹ má mi orí sí mi. Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, Àgọ́ Palace yìí ni ṣọ́ọ̀bù yín wà, kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í gba ibí kọjá. Ó dáa. Màá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ lójú yín, torí ó ti sú mi kó máa gba ẹ̀yìn mi lọ gba ẹ̀yìn mi bọ̀. Wọ́n ní èmi ni mo fi Táyọ̀ ṣe é. Wọ́n ní mo fi ọmọ yín ra ìṣẹ́gun.

Mo sọ ọ́. Ilẹ̀ ò lanu.

Wọ́n ní nígbà tí Táyọ̀ wà láyé, ta là ń nà? Nígbà tó kú tán, ta ló tún nà wá? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe tí wọ́n ń pa fún mi nìyẹn tí mo bá ń kọjá níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta jẹ́sì ní Òṣòdì, àwọn èèyàn tí mo ti kọ́ ọmọ wọn! Wọ́n ní mo so ọmọ náà mọ́ táwẹ̀lì, mo so táwẹ̀lì mọ́ àwọ̀n, òun ló ń mú bọ́ọ̀lù, Ashraf kàn ń nawọ́ lásán ni. Wọ́n ní bí kò bá sí nǹkan nínú ẹ̀, kí ló dé tí wọn kì í fọ̀ ọ́? Wọ́n ní ṣé ẹ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ ni? Fákúnlé! Ifá ló kún ilé bàbá ẹ̀ ní Ìlaròó dẹ́nu! Èmi díákónì! Èmi tí mo ń to àga ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Sátidé! Àwọn ìyá ti ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́ kúrò ní pápá mi, Ìyá Táyọ̀. Obìnrin kan dúró lókèèrè, kò jẹ́ sún mọ́ mi, ó ń ké pe ọmọ ẹ̀, "Máa bọ̀, máa bọ̀ kíá," bí ẹni tó rí ajá dìgbòlugi.

Súbérù ní mo kúkú sọ ọ́ lẹ́nu ara mi. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n nà wá kẹ́yìn kí Táyọ̀ tó kú, mo yọ fìlà, mo fi lulẹ̀ létí pápá, mo ní, "Kí ni mi ò lè fi sílẹ̀ torí kí n ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan péré!" Mo sọ ọ́! Gbogbo èèyàn ló gbọ́. Kóòṣì wo ni kò sọ bẹ́ẹ̀ rí? Ìyá tó ní kí ikú pa òun dípò ọmọ òun, ṣé ó ti bá ikú dá ọjọ́ nìyẹn? Táyọ̀ gan-an rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ mú fìlà yín, ẹrẹ̀ ti kàn án." Òun náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó mú un, tó gbọ̀n ọ́n nù. Ó ní orí ń fọ́ òun, òun fẹ́ tètè máa lọ sílé. Ó lọ, ó gbàgbé táwẹ̀lì ẹ̀ sórí àwọ̀n. Orí fífọ́ lásán, ibà lásán, a ní kó lọ sùn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po ni wọ́n pè mí.

Ẹ̀rọ yín ti dákẹ́. Ẹ máa bínú, mà. Ẹ máa bínú sí mi. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí kò fi ní kan ibẹ̀.

Àwa la gbé e. Èmi àtàwọn ọmọ. Ẹ ò sí níbẹ̀, wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ wá, òbí kì í mọ sàárè ọmọ, bí a ti bá a nílẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà ẹbí yín tó ti Abẹ́òkúta wá, wọ́n dé ní àárọ̀ kùtù, wọ́n kó búútù ẹ̀, wọ́n kó aṣọ ẹ̀, wọ́n gbé tìmùtìmù tó ń sùn lé, wọ́n yọ fọ́tò ẹ̀ lára ògiri, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lọ síbi tí ojú yín ò ní tó o mọ́. Bùrọ̀dá yín àgbà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Kóòṣì, ohunkóhun tó bá jẹ́ tọmọ yìí tó bá ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ yín, kò gbọdọ̀ dé iwájú ìyá ẹ̀. Ọ̀fọ̀ ni. Bó bá ń rí i, á fà á lọ." Mo ní mo ti gbọ́, sà. Mo mú ọ̀rọ̀ àgbà, mo fi sápò. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yín kọjá, mo máa ń yára.

A padà sí pápá láti ṣe ìdárayá, táwẹ̀lì náà wà lórí àwọ̀n. Bó ṣe fi í sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Òjò ti pa á, oòrùn ti sá a. Gbogbo wa dúró, a ń wò ó. Mo ní kí ẹnì kan lọ mú un, kò sẹ́ni tó lọ. Èmi náà rìn débẹ̀, mo nawọ́, ọwọ́ mi ò gbà. Ashraf ló ní, "Kóòṣì, ẹ jẹ́ kó máa wà ńbẹ̀." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí oògùn, kò sí àsọdùn, ọ̀fọ̀ ni, ọ̀fọ̀ àwa tí a ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀! Bí a bá lọ gbá bọ́ọ̀lù níbòmíràn, a máa tú u, a máa gbé e dání, a máa so ó síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fi nujú. Ẹnikẹ́ni kì í fọ̀ ọ́. Ta ni ó fọ̀ ọ́? Ta ni ó jókòó ti báàsì omi, tí ó fọ ẹrẹ̀ ọmọ yẹn dànù pẹ̀lú ọwọ́ ara ẹ̀?

Ìgbà yẹn la wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́gun. Ẹ gbọ́ o, mi ò ní parọ́ fún yín, ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá rò ó. Ṣé ẹ rántí bí Táyọ̀ ṣe máa ń ṣe nínú góòlù? Á pa ìbọ̀wọ́ méjèèjì pọ̀, pà! pà! á wá ké sí àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn fún wa, "Mo wà lẹ́yìn yín o!" Èmi ni mo kọ́ ọ. Iṣẹ́ kíípà nìyẹn, kí ọkàn àwọn tó wà níwájú ẹ̀ lè balẹ̀. Ìyá Táyọ̀, lẹ́yìn tó lọ tán, a ṣì ń gbọ́ ọ. Mo wà létí pápá ní ọ̀sán gangan, oòrùn ń ràn, àwọn èrò ń jẹ ẹ̀pà, mo gbọ́ pà! pà! Mo wo Ashraf, ọwọ́ Ashraf ò kúrò ní ìbàdí ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn wá bá mi nígbà tí a gbá bọ́ọ̀lù tán, ojú ẹ̀ rí rádaràda, ó ní, "Kóòṣì, mo gbọ́ ọ." Mo ní kí lo gbọ́? Ó ní, "Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ." Mo ní kó lọ mú ìgbálẹ̀, ká gbá pápá.

Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn òun kì í sá sẹ́yìn, ìyẹn nìkan ni. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n ń lé. Màá fọn fèrè pé ó tó, ẹ máa lọ sílé, wọn ò ní lọ. Àwọn tí mo ti ń fi igi lé wá sí pápá tẹ́lẹ̀! Gbogbo ohun tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n fún láti ìgbà táláyé ti dáyé, sísáré, ìfarabalẹ̀, kí wọ́n wo ọ̀rẹ́ wọn kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n wá ń ṣe é láìsọ. Ohun tí mo fi gbogbo ayé mi wá dé, mi ò sì lè rẹ́rìn-ín sí i. Ta ló fẹ́ kó gba ibẹ̀ dé?

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe máa nà wá. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú, ó yẹ lẹ́rìn-ín. Èmi kóòṣì! Lọ́jọ́ kan, mo fi Zakariyah jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo fi ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà rọ́pò ẹ̀, tí kò mọ ẹsẹ̀ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, mo ní ẹ̀ẹ́ rí i, lónìí a máa bọ́. Ọmọ yẹn ń sáré, ó fẹsẹ̀ kọ, ó ń ṣubú lọ, bọ́ọ̀lù bá a lórúnkún, ó wọlé! Wọ́n ní ẹ ò rí i? Bí bàbá yìí bá gbé igi síbẹ̀, igi á gbá góòlù wọlé. Mo délé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo sunkún bí ọmọdé. Ìgbà tí wọ́n ń nà wá, mi ò sunkún o! Mo ní Olúwa, jẹ́ kí wọ́n nà wá, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ẹnu ayé kúrò lára mi, kí ọmọ yẹn lè sinmi.

Ó sì gbọ́! Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó gbọ́! Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ló gbà wá? Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe wá kó mi sí àárín. Bí a bá ṣẹ́gun, oògùn ni. Bí wọ́n bá nà wá, oògùn náà ni, oògùn ló kúrò lẹ́yìn wa, ìyá ọmọ ló wá mú un. Ìyá ọmọ fúnra ẹ̀! Ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń wá? Súbérù ní kò sí ìyá tí kò ní mọ ohun tó pa ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn ń sọ lábẹ́ ẹnu, ẹ̀yin lẹ wá fi òntẹ̀ lù ú láàárín ọjà!

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó burú jù, n ó sì dákẹ́. Nígbà mìíràn, tí mo bá dá wà, mo máa ń bi ara mi pé ṣé mi ò ṣe é ni? Mo mọ̀ pé mi ò délé ẹnikẹ́ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ṣé èèyàn ò lè fẹ́ ìṣẹ́gun débi pé ìfẹ́ ọ̀hún fúnra ẹ̀ á jáde nílé, á lọ ṣe ohun tí wọn ò rán an? Fìlà tí mo fi lulẹ̀ yẹn, mi ò dé e mọ́. Mo ti di ẹni tó ń rìn tó ń wẹ̀yìn.

Ìyá Táyọ̀, ẹ gbójú sókè. Ẹ wò mí. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, bí mo bá mọ nǹkan kan nínú ikú ọmọ yín, kí n má fojú rí Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́ àbí ẹ ò gbà mí gbọ́? Ẹ sọ̀rọ̀! Torí bó bá jẹ́ pé ṣe lẹ wá dán mi wò lọ́jọ́ yẹn, pé kẹ́ ẹ mú un kúrò kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ẹ ti rí i, ó sì ti pa mí!

Kí lẹ wí?

Ẹ tún un sọ, mà. Ohùn yín ò jáde.

Ẹ ò wá dán mi wò. Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, oníbàárà kan ló sọ ọ́ níbí, lórí àga yìí, tí ẹ ń wọn kọ́tíìnì fún un, kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni ìyá. Ó ní Fákúnlé, ó ní oògùn, ó ní táwẹ̀lì Táyọ̀. Ẹ ò gbọ́ Fákúnlé. Ẹ ò gbọ́ oògùn. Táwẹ̀lì Táyọ̀ lẹ gbọ́.

Ẹ ò mọ̀ pé nǹkan ẹ̀ kankan ṣì wà láyé.

Yéè! Yéè, mo gbé!

Fọ́tò ńkọ́? Kò ku ẹyọ kan? Ti inú fóònù ńkọ́? Wọ́n pa ìyẹn náà rẹ́. Ó sì jẹ́ pé ẹ kì í rántí ojú ẹ̀ dáadáa mọ́ tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ìyá Táyọ̀, ẹ má sọ ìyẹn. Ẹ má sọ ìyẹn fún mi.

Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé fáínà là ń gbá. Ẹ rí èrò, ẹ rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ rí nǹkan ọmọ yín lórí àwọ̀n, ẹ mú un, ẹ ń lọ sílé. Ta lẹ fẹ́ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀? Èmi ńkọ́, èmi tí mo ń wò ó ní gbogbo Sọ́ńdè, tí mo ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yín kọjá tí mo ń yára! Èmi tí mo rò pé torí tèmi lẹ ṣe wá, pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mi ni, ọ̀rọ̀ orúkọ mi ni!

Ibo lẹ fi sí? Ẹ jẹ́ kí n fojú kàn án.

Ẹ̀yìnkùlé? Kí ló ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé?

Mo rí okùn, mo rí aṣọ, èwo níbẹ̀? Ìyẹn? Rárá, mà, ìyẹn kọ́. Tiwa dúdú, tiwa rí bí ilẹ̀ pápá. Ìyẹn búlúù bí ojú ọ̀run.

Búlúù ni. Olúwa mi o. Búlúù ni tẹ́lẹ̀, mo ti gbàgbé.

Ẹ fọ̀ ọ́! Ẹ... há! Ẹ rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ? Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha á? Ha-ha-há! Ẹ fún mi ní àga yẹn, ẹ jẹ́ n jókòó. Táwẹ̀lì tí gbogbo Òṣòdì ń sá fún! Tí Súbérù kì í jẹ́ kí òjìji ẹ̀ kan òun! Tí mo fi géńdé méjì ṣọ́! Ẹ jù ú sínú báàsì, ẹ bu ọṣẹ sí i! Ẹ ní kí ni? Ẹ ní ó dọ̀tí! Ha! Ó dọ̀tí, mà! Ó dọ̀tí jù! Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni Táyọ̀ máa ń dà á sílẹ̀ fún yín, ẹ̀yin á sì máa bú u pé ṣé ilẹ̀ ló ń gbá ni àbí bọ́ọ̀lù, ó máa ń sọ ọ́ fún wa, gbogbo wa á máa rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró dè yín lórí àwọ̀n yẹn, kò kúkú sẹ́ni tó pè yín.

Ẹ bá mi na omi yẹn. Ẹ ṣeun. Mi ò sunkún, ẹ̀rín ló pọ̀.

Omi dúdú ló jáde lára ẹ̀, àbí? Omi dúdú, ó tán. Kò sí nǹkan míì. Ta ló wá ń mú bọ́ọ̀lù láti ọjọ́ yìí? Ìyá Táyọ̀, ta ló ń mú un, bí kò ṣe Ashraf?

Ẹ dìde. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́, mi ò ní tọrọ nǹkan míì lọ́wọ́ yín láyé. Ẹ bá mi lọ sílé Ashraf nísinsìnyí, kẹ́ ẹ mú un dání. Kì í ṣe kẹ́ ẹ fún un o, tiyín ni, bí bùrọ̀dá yín bá fẹ́ jà, kó wá bá mi jà. Kẹ́ ẹ kàn tẹ́ ẹ lé e lọ́wọ́, kó fọwọ́ pa á, kó gbọ́ òórùn ọṣẹ lára ẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin ìyá Táyọ̀ lẹ fọ̀ ọ́, àti pé òun ló ń mú bọ́ọ̀lù ẹ̀. Ó máa gbà á lẹ́nu yín. Kò ní gbà á lẹ́nu mi.

Kò tíì gbẹ? Ẹ ò rí bí òjò ṣe ṣú ni? Ẹ jẹ́ ká ká a bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀, èmi ni n ó bá yín ti ilẹ̀kùn. Ẹ rọra o, kòtò wà níwájú ibẹ̀ yẹn. Ẹ máa lọ. Ẹ máa lọ, mà, ẹ má wẹ̀yìn. Mo wà lẹ́yìn yín.